Òjé Inú Ilẹ̀

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, òwe ni ó sì gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn àgbà ní: wọ́n ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òjé yìí, tí àwọn olùsìn Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, òun kan náà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀.

Láti Mowé àti Ìbàfò, ọ̀nà kò jìn sí Ògijo ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó láti rí òjé inú rẹ̀ tà sí òkè òkun. Ní 2025, The New York Times àti The Examination mú kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 70 wò níbẹ̀. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dé ibi tí ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ní ọdún kan náà ìjọba ti ìlẹ̀kùn díẹ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ náà. Ó dára, ṣùgbọ́n títi ìlẹ̀kùn kì í fọ ilẹ̀ mọ́. Òjé kì í jẹrà. Inú eruku òkè ilẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Ọmọdé a fọwọ́ kàn án, a fi ọwọ́ náà sẹ́nu, ọpọlọ rẹ̀ a sì san gbèsè.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí wa. Ní Sàmfárà, ní 2010, àwọn ọmọ tí ó ju 400 lọ kú nítorí òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti rí wúrà. Wọ́n wa erùpẹ̀ òkè àgbàlá kúrò, wọ́n rì í mọ́ kòtò, wọ́n sì fi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières a máa dúró kí a tún ilé ṣe kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùn, nítorí asán ni oògùn ọmọ tí a dá padà sínú eruku náà. Ìlú Bagega dúró di 2013 kí owó tirẹ̀ tó jáde.

Ní Òwódé Ẹ̀gbá wa, ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ a béèrè ìwé, a béèrè bóyá ọmọ onílẹ̀ yóò tún padà wá (èsì èyí kì í pẹ́ dé). Ta ni ń béèrè ohun tí a ti ṣe lórí ilẹ̀ náà rí? Èrò mi ni pé kí a má ṣe pín ilẹ̀ tí iléeṣẹ́ ti lò sí pulọ́ọ̀tì láìyẹ erùpẹ̀ rẹ̀ wò, kí èsì sì wọ inú ìwé ilẹ̀. Ní ti owó ìtúnṣe, ọwọ́ ẹni tí ó ba ilẹ̀ jẹ́ ni kí ó ti wá. Kí ó sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ní ọjọ́ tí ó gba àṣẹ, kí ó tó yọ́ bátìrì kìn-ín-ní.