Ooru Tó Ń Bẹ Nínú Sódà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọṣẹ tà, ọ̀rọ̀ ooru ni mo bá wá lónìí, nítorí ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ lè tìtorí bẹ́ẹ̀ fọ́ lójú.

Bí olùkọ́ yín bá wọn sódà ọṣẹ 40 gíráàmù sínú omi lítà kan, ìgbóná omi náà yóò lọ sókè ní nǹkan bí dígírì 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó dáná sí i. Níbo ni ooru náà ti wá? Agbára kì í ti inú òfìfo wá, kì í sì í ṣègbé. Ààyè ló ń pààrọ̀. Èyí tó fara pamọ́ sínú sódà àti omi ni ó jáde nígbà tí wọ́n dàpọ̀.

Ẹ wá bu ajílẹ̀ yúríà sínú ife omi, kí ẹ rò ó pọ̀. Ife náà yóò tutù lọ́wọ́ yín. Yúríà ń gba ooru lọ́wọ́ omi bí ó ti ń yọ́. Nǹkan kan ń tú ooru jáde, òmíràn ń gbà á sínú.

Ní ọdún 1840, Germain Hess, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú St Petersburg ní Rọ́ṣíà, fi hàn pé ìbáà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ni a da nǹkan pọ̀, ìbáà ṣe díẹ̀díẹ̀, àpapọ̀ ooru rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹni tó gba ọ̀nà àbùjá àti ẹni tó gba ọ̀nà jíjìn, orí òkè kan náà ni wọ́n gùn.

Ẹ ó bi mí pé, kí wá ni èrè ẹni tó rọra ń dà á? Ooru a máa kúrò lára ohun tó gbóná lọ sára ohun tó tutù. Bí ẹ bá ń bu sódà díẹ̀díẹ̀ sínú omi púpọ̀, omi àti afẹ́fẹ́ yóò pín ooru náà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da omi díẹ̀ sórí sódà púpọ̀, ooru yóò kó jọ sójú kan. Omi yóò hó lójijì, yóò sì ta sí yín lójú.

Nítorí náà, sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi. Ẹ má ṣe da omi sórí sódà láé. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù, nítorí sódà a máa jẹ ẹ́. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni, ẹ máa da omi tó mọ́ sójú ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọṣẹ tí a ń sè kí ara lè mọ́, ẹ má jẹ́ kí ó fọ́ yín lójú.