Eéwo Tí Kì Í Ṣe Eéwo



Bí ọmọ wa kan bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá lo ìsinmi oṣù Kẹjọ ní Ìfira, tí ó sì padà, ó lè dé ọ̀hún tán kí ìdí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kókó pupa kan á yọ, á máa wú, ihò kékeré á wà lórí rẹ̀, omi á máa ṣẹ́ níbẹ̀. Á ní nǹkan ń rìn nínú òun. Dókítà tí kò mọ ilẹ̀ wa lè pè é ní eéwo. Oògùn eéwo á tán, kókó náà kò ní san. Bí ìròyìn bá délé, wọ́n lè ní ayé ló ṣe é, kí ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sí ìyá arúgbó kan nínú agbo-ilé tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ayé kọ́ o. Eṣinṣin ni.

Tumbu ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ilé rẹ̀; ìdin rẹ̀ tí a rí ní Sẹ̀nẹ̀gà ni àwọn dókítà Faransé kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1862. Ó tóbi ju eṣinṣin ilé lọ díẹ̀, kò sì fẹ́ràn oòrùn. Ilẹ̀ iyanrìn tó wà lábẹ́ òjìji, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn, ló ń yé sí, nítorí náà ajá àti eku ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí aṣọ tútù tí a sá sábẹ́ igi tàbí sórí koríko, kò ní béèrè pé ti ta ni. Ó lè yé ẹyin 100 sí 300. Ẹyin á pa láàárín ọjọ́ 3, ìdin kékeré náà á sì lè wà láìjẹun ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tí yóò máa retí ara ènìyàn. Ẹni tó bá wọ aṣọ náà kò ní mọ ìgbà tó wọlé. Bí kòkòrò inú obì ni yóò ṣe máa gbé inú awọ, tí yóò máa fi ihò yẹn mí, fún ọjọ́ 8 sí 12, kí ó tó jáde bọ́ sílẹ̀ láti di eṣinṣin.

Ihò náà ni a ó fi mú un. Ẹ fi Vaseline dí i dáadáa fún wákàtí mélòó kan. Ìdin á yọ orí wá mí. Nígbà náà ni kí ẹ rọra tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó jáde lódindi, kí ẹ sì fi ọṣẹ wẹ ojú rẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Èyí tó bá já sínú á dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀, tàbí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Lásìkò òjò ní Àkókó, aṣọ kì í tètè gbẹ, mo mọ̀. Síbẹ̀, okùn ni kí ẹ sá a sí, nínú oòrùn, kì í ṣe ilẹ̀. Kí ẹ sì lọ̀ ọ́, tinú tòde, títí dé ojú rírán. A máa ń lọ agbádá tí gbogbo ayé yóò rí, a ó sì fi àwọ̀tẹ́lẹ̀, aṣọ ìnura àti aṣọ ìdí ọmọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ló sún mọ́ ara jù! Bí kò bá sí iná, ìlọṣọ eléèédú ṣì wà. Bí ìyẹn náà kò sí, ẹ ká aṣọ gbígbẹ náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá sì ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó máa yún un, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ pé Nàìjíríà ni òun ti dé, kí ó sì sọ ọjọ́ tí òun dé.