Lánlátẹ̀ Láàrin Ìlú Méje: Ilẹ̀ Rẹ̀ àti Ìtàn Rẹ̀



Bí a bá dárúkọ Ìbàràpá, ìlú méje ni à ń kà: Igbó-Ọrà, Ẹ̀rúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn. Lójú tèmi, ẹ̀yìn Ẹ̀rúwà ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń to Lánlátẹ̀ sí, bí ẹni pé kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi yàn án lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn ni Ìbàràpá wà. Igbó ni ó bo apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ látijọ́. Oko dídá àti igbó sísun láti ìran dé ìran ni ó sọ ọ́ di ọ̀dàn, tí igbó fi ṣẹ́ kù sí etí odò, tí àpáta sì ń yọrí láàrin koríko. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí ni wọ́n ń gbìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó gba àgbẹ̀ gba màlúù pẹ̀lú, awuyewuye lórí oko àti ìjẹko kò sì jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìgàngàn. Ẹni tí ó bá pe ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kíláàsì lásán, kí ó rántí èyí.

Nínú ìwé rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson fi àwọn Ìbàràpá sí apá gúúsù Ẹkùn Ọ̀tún ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn kan so orúkọ náà mọ́ bàrà, èyí tí à ń rí ẹ̀gúsí nínú rẹ̀. Ó dùn létí; ṣùgbọ́n àwa tí ìtàn ẹnu jẹ́ iṣẹ́ wa mọ̀ pé orúkọ a máa ṣíwájú, ìtàn a sì máa tẹ̀ lé e. Mi ò ní kí a dà á nù. Kí a gbọ́ ọ bí ìtàn ni, kí a má fi pín ilẹ̀.

Ní 1971 ni nǹkan mìíràn dé. Lánlátẹ̀ ni a kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ibi tí ó jìnnà sí ariwo rédíò ìlú ńlá. Àwo ńlá, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 30, kọjú sókè sí ohun tí ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 lójú òfuurufú, ohùn Nàìjíríà sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè òkun. Ẹ wo ìlú tí ìwé ìtàn kò fún ní ojú-ewé, tí ó wá di etí àti ẹnu orílẹ̀-èdè!

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni wà ní Lánlátẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láìwọ ọkọ̀. Tí wọ́n bá délé ọba tán, kí wọ́n yà sí ilé àwọn tí oko wọn bọ́ sábẹ́ ibùdó náà, àti ilé àwọn tí ó ru búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀.