Ẹ Ṣí Gbọ̀ngàn Ìlú fún Wa: Ọ̀rọ̀ Badminton ní Ìjẹ̀bú

Badminton ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ pé, "Ṣé ìyẹn ló kàn?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí mo dàgbà sí, ìta gbangba la ti máa ń gbá a. A ó ri igi méjì mọ́lẹ̀, a ó ta okùn sáàárín, ó parí. Àbúrò mi obìnrin ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wa. Ó mọ ìwà atẹ́gùn. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ ọ́, á fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù náà. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, á kàn rọra tì í.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n pè é síbi tí wọ́n ti ń yan àwọn tó máa lọ díje. Inú gbọ̀ngàn ni. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́ níbẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó gbá ló ń kọjá ìlà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Nígbà tó délé, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè àjà.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ọ̀lù yẹn: ìyẹ́ 16 ni wọ́n fi ṣe é, kò sì wúwo ju gíráàmù 5.50 lọ. Atẹ́gùn tí kò lè mi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gbé e lọ. Lóòótọ́, àjọ badminton àgbáyé gbé bọ́ọ̀lù ìta gbangba jáde ní 2019, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ni àwọn ìdíje ńlá ṣì wà.

Ẹ jẹ́ ká wo Indonesia. Ní 1961, wọ́n gba àlejò ìdíje Thomas Cup nínú gbọ̀ngàn Istora ní Jakarta. Nígbà tí badminton kọ́kọ́ ní àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje Òlíńpíìkì, ní Barcelona ní 1992, Susi Susanti àti Alan Budikusuma gba wúrà méjì fún wọn. Istora dára, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló bí wọn. Ní àdúgbò wọn, wọ́n máa ń fa ìlà badminton sílẹ̀ gbọ̀ngàn tí aráàlú ń lò.

Àwa náà kò ṣaláìní ẹ̀bùn. Dorcas Adesokan ṣojú Nàìjíríà ní Tokyo ní 2021, Anuoluwapo Opeyori náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Paris ní 2024. Ní oṣù karùn-ún 2025, Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà. Ó wù wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní Ìwópin, létí ọ̀sà ní Ogun Waterside, níbi tí atẹ́gùn kì í sinmi, báwo ló ṣe fẹ́ máa dé Abẹ́òkúta lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ pápá ìṣeré tuntun. Mítà 13.4 ní gígùn àti 6.1 ní fífẹ̀ ni ojú ibi tí wọ́n ti ń gbá badminton. Gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ga, tí a ti ń ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, lè gbà á. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè ńkọ́? Àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà! Ẹ ṣí i fún wa ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. A ó fi téèpù fa ìlà, a ó pa fáànù, a ó gbálẹ̀ ká tó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ má kàn fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn àdúgbò yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́.

Aṣọ ni àbúrò mi ń rán báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í bóyá ó ṣì lè gbá a. Kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá gbọ̀ngàn ná."

Mo ti ń wá a. Ó dìgbà kan ná.