Olówó Rọ́ṣíà, Ẹgbẹ́ Nets, àti Pápá Tí A Fẹ́ Kọ́

  Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ ṣókí lórí owó àti eré ìdárayá, nítorí ọ̀rọ̀ pápá básíkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé wa tó wà níwájú wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ná. Bí mo bá padà dé, ẹ̀yin fúnra yín á mọ ìdí tí mo fi lọ.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mikhail Prokhorov. Moscow ni wọ́n bí i sí ní 1965. Ó ga ju mítà méjì lọ, bó bá dúró láàrin àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Báwo ló ṣe di olówó? Ní 1995, owó tán lọ́wọ́ ìjọba Rọ́ṣíà. Wọ́n yáwó lọ́wọ́ àwọn báńkì, wọ́n sì fi ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣe ìdógò. Ìjọba kò san gbèsè náà, ni ohun ìdógò bá di ti ẹni tó yá wọn lówó. Báyìí ni Prokhorov àti Vladimir Potanin, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣe gba àkóso Norilsk Nickel, tó ń wa kùsà níkẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú nǹkan bíi 170 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2008, ó ta ìpín tirẹ̀ kí ọrọ̀ ajé ayé tó dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó fi di 2009, ìwé ìròyìn Forbes ní òun ló lówó jù ní Rọ́ṣíà, pẹ̀lú 9.5 bílíọ̀nù dọ́là. Ẹ fi í sọ́kàn o: ọwọ́ ìjọba ni orísun ọrọ̀ náà.

Ní àkókò yìí kan náà, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Nets ní New Jersey ti dẹni ẹ̀yìn. Ìdíje 82 ni wọ́n gbá ní sáà 2009 sí 2010, 12 péré ni wọ́n borí. Bruce Ratner tó ni wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ńlá ní Brooklyn, ṣùgbọ́n owó há. Prokhorov gbé 200 mílíọ̀nù dọ́là wá, ó gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ náà àti ìdá 45 nínú gbọ̀ngàn. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan láti New Jersey, Bill Pascrell, béèrè nípa òwò tí ilé-iṣẹ́ kan tí Prokhorov ní ìpín nínú rẹ̀ ń ṣe ní Zimbabwe, tí Amẹ́ríkà ti fìyà ọrọ̀ ajé jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò dá ọjà dúró. Ní oṣù karùn-ún 2010, NBA fọwọ́ sí i. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti òdì kejì òkun tó ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ NBA.

Ó ṣèlérí pé láàrin ọdún márùn-ún, Nets á gba ife-ẹ̀yẹ. Àpọ́n ni, ó sì ṣẹ̀fẹ̀ pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á fi ìgbéyàwó jẹ ara òun níyà. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ má bínú o, òun ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ọkùnrin yìí kò wá fi mọ sórí bọ́ọ̀lù. Ní 2011, ó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Rọ́ṣíà. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi kúrò níbẹ̀, ó ní àwọn ará ààfin ìjọba ló ń darí ẹgbẹ́ náà láti ẹ̀yìn. Ní oṣù kẹta 2012, ó bá Putin du ipò ààrẹ, ó ṣe ipò kẹta pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò. Ní ọdún yẹn kan náà, Nets kó lọ sí Brooklyn, gbọ̀ngàn tuntun ṣí, ìlú ń hó.

Ní 2013, owó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bí omi. Wọ́n mú Kevin Garnett àti Paul Pierce wá láti Boston. Àgbà agbábọ́ọ̀lù ni àwọn méjèèjì, ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Ohun tí Nets fi dípò wọn ni ẹ̀tọ́ láti mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní 2014, 2016 àti 2018, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ fún Boston láti pààrọ̀ ipò pẹ̀lú wọn ní 2017. NBA sì bu owó tó ju 90 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn ní sáà yẹn, nítorí owó oṣù agbábọ́ọ̀lù wọn kọjá ààlà.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Rọ́ṣíà gba Crimea mọ́ Ukraine lọ́wọ́. Owó ruble já wálẹ̀, kí ọdún 2014 tó parí ó ti sọ nǹkan bí ìdajì iye rẹ̀ nù sí dọ́là. Putin ní kí àwọn olówó kó ohun ìní wọn tó wà lókè òkun wá sílé. Ẹ gbọ́ ná: Prokhorov bọ́ síta, ó ní òun á gbé Nets sábẹ́ ilé-iṣẹ́ Rọ́ṣíà. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Brooklyn! Kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé okùn kan wà tí wọ́n lè fà láti Moscow.

N kò sọ pé Putin ló jẹ́ kí wọ́n fìdí rẹmi. Ìwàǹwára ọjà Boston ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Nígbà tí owó tán, tí kò sí ọ̀dọ́ láti mú, ìdíje 21 ni wọ́n borí ní sáà 2015 sí 2016, 20 ní èyí tó tẹ̀lé e. Boston fi ẹ̀tọ́ tí Nets fún wọn mú Jaylen Brown, wọ́n tún gbà á mú Jayson Tatum. Àwọn méjèèjì ló gba ife-ẹ̀yẹ fún Boston ní 2024.

Ní oṣù kẹrin 2016, ọlọ́pàá inú FSB ya wọ ilé-iṣẹ́ Prokhorov ní Moscow. Ìwé ìròyìn RBC, tó jẹ́ tirẹ̀, ti ń tú àṣírí àwọn tó sún mọ́ Putin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn so méjèèjì pọ̀, bí ìjọba kò tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2017, ó ta RBC. Ní ọdún náà ló gbà láti ta ìdá 49 Nets fún Joseph Tsai ti Alibaba, ó sì ta ìyókù ní 2019. Iye tí wọ́n fi díwọ̀n ẹgbẹ́ náà ju 2.3 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Ẹ rí i pé kò jáde lófo.

Ó tètè jáde ni. Ẹ̀yin alátìlẹ́yìn Chelsea, ẹ mọ ohun tó dé bá Abramovich ní 2022 lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà kọlu Ukraine. Wọ́n mú un tà á ní 2.5 bílíọ̀nù pọ́n-ùn, owó náà kò sì wọ àpò rẹ̀. Nígbà tí 2025 wọlé, ó ṣì wà ní títì pa nínú báńkì.

Tsai ńkọ́? Kò tíì pé oṣù kan tó gba gbogbo Nets tí wàhálà Hong Kong dé. Ọ̀gá kan ní Rockets, ẹgbẹ́ tí Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó ti gba ife-ẹ̀yẹ fún ní 1994 àti 1995, kọ ọ̀rọ̀ ìtìlẹ́yìn fún àwọn olùfẹ̀hónúhàn. Ṣáínà bínú, tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn dáwọ́ ìdíje NBA dúró. Nets wà ní Ṣáínà lọ́sẹ̀ náà gan-an. Tsai kọ lẹ́tà ìta gbangba láti bá ọ̀gá náà wí. Olówó yí padà, okùn ò yí padà.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá ra ẹgbẹ́ kì í dá wọlé, òun àti ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń wọlé. Ẹ ti gbọ́ pé olóṣèlú kan fẹ́ dá gbé ìnáwó pápá wa. N kò ní ká lé e. Ohun tí mo ní ni pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé-ìwé ló ni pápá, kí ẹnikẹ́ni má dá san ju ìdajì lọ, kí owó tiwa sì kọ́kọ́ wọlé. Bí ìbò bá dé tí kò wọlé, tàbí tó bá lọ sí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, kí àwọn ọmọ má dé pápá lọ́jọ́ kan kí wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.