Bí Èémí Bá Ń Kúrú: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Ẹgbẹ́ Sọ Lórí Àìsàn Ọkàn àti Ẹ̀dọ̀fóró

  Àwa nọ́ọ̀sì tí a máa ń wọn ìfúnpá fún yín lábẹ́ àtíbàbà la ní ká sọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà, kí àwọn ọmọ sì kà á sí etí àwọn ìyá tí kò mọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ èémí ni. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló máa ń sọ fún wa pé, "Nọ́ọ̀sì, tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé ìsọ̀ mi, mi ò lè dá oníbàárà lóhùn mọ́." Bí a bá béèrè pé kí ló fà á, ẹ ó ní ọjọ́ orí ni, ẹ ó ní ara tó sanra ni, ẹ ó ní wàhálà ọjà ni. Lóòótọ́ ni ọjọ́ orí máa ń dín agbára kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kì í mú èèyàn máa mí gúlegúle níbi tó jókòó sí. Èémí tó ń kúrú ní ibi tó ti wá. Ó lè jẹ́ ọkàn, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè ṣe é. Ìtọ́jú wọn kò jọra, oògùn tó dára fún ọ̀kan sì lè pa èkejì lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè ìbéèrè púpọ̀, tí ẹ fi ń ní a ń ṣe bí ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá méjì. Àpèjúwe ni o, kí ẹnikẹ́ni má wo ẹnìkejì rẹ̀ lójú. Ìyá àkọ́kọ́ ń yan ẹja, ọgbọ̀n ọdún ló ti fi dúró ti èéfín. Ìyá kejì ń ta aṣọ. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, orí tó ń fọ́ ọ lọ, òun náà bá fi oògùn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wúkọ́, àwọn méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ tí wọ́n bá rìn. Tí ẹ bá wò wọ́n lókèèrè, ẹ ó ní àìsàn kan náà ni, ẹni tó wà ní kẹ́míìsì náà á sì ta oògùn ikọ́ kan náà fún wọn.

Ohun tí a ó kọ́kọ́ béèrè ni bí wọ́n ṣe ń sùn. Ìyá ẹlẹ́ja ní òun ń sùn dáadáa, àmọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́, òun á wúkọ́ títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á fi jáde, àyà òun á sì máa dún bíi fèrè, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ìyá aláṣọ ní òun kò lè sùn gbalaja mọ́. Ìrọ̀rí kan ló ń lò tẹ́lẹ̀, ó di méjì, ó di mẹ́ta, orí àga ló ń sùn báyìí. Tó bá di bí aago kan òru, á ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, á sáré lọ ṣí fèrèsé. Àwọn ará ilé ti ní ayé ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tó gbà gbọ́, ẹ máa gba àdúrà yín. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa ń rí nìyí: bí ọkàn kò bá lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ síwájú, omi á dúró sínú ara. Lọ́sàn-án tí èèyàn wà lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ni omi náà máa ń sọ̀ sí. Lóru tó bá dùbúlẹ̀, omi náà á gòkè wá sí ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá dìde jókòó, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tijú láti sọ iye ìrọ̀rí yín fún dókítà. Ó wúlò fún un ju "ara mi kò yá" lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ó wo ẹsẹ̀. A ó fi ìka tẹ ojúgun díẹ̀, a ó yọ ọ́. Bí ojú ibẹ̀ bá jinlẹ̀ bí ẹni tẹ fùfú, tí kò tètè kún, omi ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ló jẹ́ ti ọkàn o. Kíndìnrín lè fà á, ìjókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ náà lè fà á. Ẹsẹ̀ wíwú pẹ̀lú èémí kúkúrú pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́ta, ìyẹn kò ní ká máa rò ó mọ́.

A ó tún ka èémí. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí bíi 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin náà lè kà á fún ẹnìkejì yín: ẹ wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń kà á, torí ẹni tó bá mọ̀ á yí èémí padà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka, tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà Kòrónà ní 2020, ń sọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá wà ní ìsàlẹ̀ 94, ẹ má fojú di í. Bó bá wà ní ìsàlẹ̀ 90, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dà èékánná àti làálì lè da ẹ̀rọ náà láàmú. Ẹ̀rọ yìí tún máa ń ka iye tó ga ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn fún aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, nítorí náà bí ẹ bá rí ẹni tó ń mí gúlegúle, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan.

Èyí tó kù di ti ilé ìwòsàn: àwòrán àyà, ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, àti èyí tí wọ́n fi ń wo ọkàn bí wọ́n ṣe ń wo oyún. Ẹni tó bá sì ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba.

Kí ló dé tí a fi ń pariwo ìfúnpá létí yín lójoojúmọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè 9 nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 52. Ṣé ẹni ọdún 52 ni arúgbó? Ẹni tó ṣì ń sanwó ilé ìwé ọmọ ni. Nílé wa níbí, wọ́n kó irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ jọ ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014: nínú aláìsàn mẹ́rin, ó lé ní mẹ́ta tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn wọn jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Orí fífọ́ tó lọ kò sọ pé ìfúnpá ti wálẹ̀. Ẹ̀rọ nìkan ló lè sọ ọ́. Bó bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a ti wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Èéfín náà kò mọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ní Ìbàdàn, wọ́n kó aboyún 324 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń bá igi tàbí kẹ́rósìn wọn lọ. Nígbà tí oyún ń gbó, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá àwọn onígi àti ẹlẹ́kẹ́rósìn ga ju ti àwọn yòókù lọ. 2017 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Àwọn ọmọ yín obìnrin náà ńkọ́? Èyí tó bá ń mí gúlegúle ní oṣù tó gbẹ̀yìn oyún, tàbí láàárín oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, ẹ má sọ pé ara ìkúnlẹ̀ ni.

Ìtọ́jú ńkọ́? Ti ìyá ẹlẹ́ja, kó kọ́kọ́ kúrò nínú èéfín bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. A mọ̀ pé ẹja ló fi tọ́ ọmọ, a ò ní kó pa ààrò tì. Kó gbé e síta, kó dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, kó lo igi tó gbẹ dáadáa, kí ó má sì gbé ọmọ ọwọ́ pọ̀n níbẹ̀. Bí dókítà bá fún un ní ínhélà, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, torí ọ̀pọ̀ ló ń fọ́n ọn sí ahọ́n. Ike omi tí a ti mu tán, tí a lu ihò sí ìdí rẹ̀ kó gba ẹnu ínhélà, á jẹ́ kí oògùn náà dé inú. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà ni owó ínhélà ti fò sókè, a mọ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ fún dókítà kó wá èyí tápá ká. Ẹ má pín ínhélà lò, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Ti ìyá aláṣọ, oògùn rẹ̀ di ti ojoojúmọ́, bí ara yá bí ara ò yá. Lára rẹ̀ ni èyí tó ń mú ni tọ̀. Àwọn ìyá kì í fẹ́ lò ó lọ́jọ́ ọjà nítorí ilé ìtọ̀ tó jìnnà. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè sún un sí ìgbà tí ẹ bá délé, kàkà kí ẹ fò ó. Kó máa gun ìwọ̀n láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kó tó jẹun. Bó bá fi kílò méjì wú láàárín ọjọ́ mẹ́ta, omi ni, kì í ṣe ìsanra. Kó padà sí ilé ìwòsàn. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí tíì kan lọ lóòjọ́, pẹ̀lú èyí tó wà nínú mágì àti Indomie. Káún náà ní sódíọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ẹ́ máa ń fi sínú ewédú. Ibuprofen àti diclofenac tí ẹ̀ ń rà fún ara ríro máa ń dá omi dúró sára, wọ́n sì lè dá ọkàn tí à ń tọ́jú padà sẹ́yìn.

Oògùn máa ń kọlu ara wọn. Propranolol tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lè dí èémí ẹni tó ní ikọ́ fée pa. Lisinopril ẹ̀wẹ̀ lè fa ikọ́ gbígbẹ, tí èèyàn á wá máa ra oògùn ikọ́ kiri. Ẹ sọ àìsàn méjèèjì fún ẹni tó ń tọ́jú yín, àti àgbo náà.

Bí èémí bá ká ẹnìkan mọ́ lójijì nínú ọjà, tí kò lè parí gbólóhùn kan, tó ń mí ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń dà bí aró, tó ń tu ìfófò tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tàbí tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má tẹ́ ẹ gbalaja. Ẹ gbé e jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú ìró àti bùbá tó fún un. Ẹ má da omi lé e, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu. Kí èrò yà. Bó bá ní ínhélà tirẹ̀, kó fa á. Mọ́tò tàbí kẹ̀kẹ́ márúwá ni kí ẹ fi gbé e, ní ìjókòó, kì í ṣe àárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà.

Ẹgbẹ́ ní owó ìsìnkú, aṣọ ẹbí sì ń wọlé lọ́dọọdún. A ò ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara kan àti ẹ̀rọ ìfúnpá kan ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kò pọ̀ jù fún ọjà tó tó báyìí. Ìyálọ́jà ti ní kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Àwa á kọ́ ẹni méjì méjì láti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń lò ó.

A ó tún jókòó sábẹ́ àtíbàbà ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjìlá, kò sí owó. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan wá, àti èyí tí ẹ ti pa tì, àti ìgò àgbo.