Fídíò ilé: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn Màmá

Admin yín ni. Nítorí àwọn tí kò ráyè gbọ́ voice note la ṣe tẹ̀ ẹ́ síbí.

Ohun tó fà á nìyí. Ọ̀kan nínú wa tí ìyá rẹ̀ ti kú mú fídíò kan wá sí ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá ń ki oríkì ìdílé wọn nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Ojú Màmá hàn kedere, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, ẹni tó mú fóònù sì wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré la rí gbọ́. Ó ní ṣé mi ò lè yọ ariwo yẹn kúrò. Mo gbìyànjú títí, kò yọ. Ta la tún fẹ́ lọ bi báyìí?

Ẹ rántí pé a ò sí ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Tayi Village níbí, Hausa làwọn ọmọ wa ń gbọ́ lójú títì, wọ́n ń gbọ́ Gbagyi lẹ́nu aládùúgbò, òyìnbó ní ilé ìwé. Oríkì tí wọn ò bá gbọ́ lẹ́nu Màmá, ibo ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ?

Nítorí náà, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kì í ṣe àwòrán. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ sún mọ́ wọn dáadáa. Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fóònù ló ń gba ohùn, ẹ má fi ìka dí i. Bí fóònù kejì bá wà nílé, ẹ fi gba ohùn nìkan, kẹ́ ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan, ẹ gbọ́ ọ wò, kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kẹ́ ẹ wá dákẹ́! Àwa la máa ń sọ̀rọ̀ ju àgbà lọ nínú fídíò wa.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kẹ́yìn sí fèrèsé, ojú wọn á dúdú ni. Ẹ dábùú fóònù. Lásìkò ọyẹ́, ẹ nu ojú kámẹ́rà, ẹ mọ eruku Minna.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fi í sílẹ̀ sórí WhatsApp. Wákàtí 24 ni status ń lò, bẹ́ ẹ bá sì fi fídíò ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, kò ní mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ yan Document, ó ń gba tó 2GB. Ẹ fi ọdún ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀, báyìí: 2025-12-26 Màmá oríkì. Fóònù á máa tò wọ́n tẹ̀ léra fúnra rẹ̀. Ẹ fi pamọ́ sí ibi méjì, ó kéré tán. Google ń fún èèyàn ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì lè jẹ́ memory card. Mò ń tà á lóòótọ́, àmọ́ ẹ rà á níbi tó bá wù yín, kì í ṣe pé mò ń polówó. Ayédèrú pọ̀ níta: á kọ 128GB sára, kò ní gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kó fídíò kún un, kẹ́ ẹ ṣí èyí tó gbẹ̀yìn wò, kẹ́ ẹ tó pa ti orí fóònù rẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kásẹ́ẹ̀tì VHS ìgbéyàwó ayé ọjọ́un, bẹ́ ẹ bá rí funfun bí èbu lára téèpù, ẹ má kì í bọnú ẹ̀rọ o, ó lè já. Ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi voice note rẹ̀ síbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí kí n tó palẹ̀ ìsọ̀ mọ́.